Ṣẹ́ẹ̀tì oníke àti ṣẹ́ẹ̀tì onírin: èwo ló ń tú páìpù AC mọ́tò tó ti di mọ́ra?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ túùlù tá a fi ń tú páìpù AC ni mo bá wá lónìí. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti ń lo oríṣi méjì, ìkan ni ṣẹ́ẹ̀tì oníke aláwọ̀ oríṣiríṣi yẹn, ìkejì ni ṣẹ́ẹ̀tì onírin tó rí bíi síṣọ́ọ̀sì, mo ti fi wọ́n tú páìpù tó pọ̀ débi pé mo ti mọ ibi tí ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká àti ibi tí wọ́n ti máa já èèyàn kulẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí mo bá gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa túùlù yìí, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé "ó fọ́ lọ́wọ́ mi" tàbí "ó dáa gan-an" lọ, kò sẹ́ni tó ń sọ irú jọ́ìǹtì tó fi tú, kò sẹ́ni tó ń sọ bí jọ́ìǹtì ọ̀hún ṣe dọ̀tí tó kó tó fi túùlù kàn án, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí inú jọ́ìǹtì náà ṣe rí, torí ẹni tí ò bá mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ á kàn máa fà á ni, á fà á títí páìpù á fi tẹ̀. Spring lock ni wọ́n ń pè é. Ford ló gbé e wọ mọ́tò láàárín ọdún 1980 sí 1990, lẹ́yìn náà la wá ń rí i lára mọ́tò oríṣiríṣi. Páìpù méjì ló pàdé níbẹ̀. Ìkan nínú wọn, wọ́n ti fẹ ẹnu ẹ̀ síta díẹ̀ bí ẹnu fèrè. Ìkejì ní àgò kékeré róbótó kan lọ́rùn, inú àgò yẹn ni sípíríngì tín-ín-rín kan wà tí wọ́n ká bí ẹ̀gbà ọwọ́, ó wá tún ní rọ́bà róbótó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu, àwọn rọ́bà yẹn ni kì í jẹ́ kí gáàsì jò. Tẹ́ ẹ bá ti páìpù méjèèjì bọ inú ara wọn, ẹnu tó fẹ̀ yẹn á gba abẹ́ sípíríngì kọjá, sípíríngì á já wálẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, ó parí nìyẹn, bó ti wù kẹ́ ẹ lágbára tó ẹ ò lè fà á jáde mọ́. Iṣẹ́ túùlù tá à ń sọ yìí ò ju kó wọ inú àgò yẹn lọ, kó gbé sípíríngì fẹ̀ sókè, kí ẹnu páìpù lè ráyè gba abẹ́ ẹ̀ jáde. Kò sí ibi tágbára wà nínú gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti ń làágùn, pé ẹ ti ń fẹsẹ̀ ti ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ lè ráyè fà, nǹkan kan ló ń di sípíríngì yẹn lọ́wọ́, ẹ dúró kẹ́ ẹ wá nǹkan ọ̀hún.

Ìwọ̀n mẹ́rin ló wọ́pọ̀ jù, 3/8, 1/2, 5/8 àti 3/4 ínǹṣì. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni gáàsì tó ti di omi máa ń gbà, páìpù tó sanra ni gáàsì ń gbà padà sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀. Páìpù tó sanra yìí ló máa ń tutù tọ́wọ́ bá kàn án nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́.

Ó ti yá, ká bẹ̀rẹ̀ lórí ti oníke. Ike méjì ni wọ́n so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ṣí bí ìwé, á pa dé mọ́ páìpù, ẹ ó wá tì í wọ inú àgò. Àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ o, torí ilé iṣẹ́ kan lè fi àwọ̀ búlúù ṣe 1/2 kí òmíì fi búlúù kan náà ṣe 5/8, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé ó yí páìpù ká pátápátá, kò dá apá kan sí, gbogbo ara sípíríngì ló máa gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ike sì ni, kò lè ha àlúmíníọ́mù, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an torí àlúmíníọ́mù rọ̀, ìlà tín-ín-rín tí ojú ò tètè rí níbi tí rọ́bà ti máa jókòó tó kí gáàsì máa jò díẹ̀díẹ̀ títí AC ò fi ní tutù mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kọ́sítọ́mà á wá padà wá bá yín pẹ̀lú ìbínú.

Lórí jọ́ìǹtì tó mọ́, tó wà níwájú níbi tọ́wọ́ ti lè dé, túùlù oníke yìí ò lẹ́gbẹ́. Mo ti fi tú páìpù kọndẹ́ńsà, ìyẹn apá AC tó ń sọ gáàsì di omi, láàárín ìṣẹ́jú kan, mi ò sì sọ àsọdùn.

Àmọ́ ó ní ìṣòro méjì. Àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n fi so ike méjèèjì pọ̀ yẹn kì í pẹ́ já. Tèmi já kó tó pé oṣù mẹ́rin, ti 5/8 ló kọ́kọ́ já, kò bà mí lẹ́rù ṣá torí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ di ìlàjì méjèèjì mú pọ̀ á ṣì ṣiṣẹ́. Ìkejì lọ́ràn gan-an, ètè ike tó máa ń wọ inú àgò yẹn fẹ́lẹ́, tó bá bá iyanrìn tàbí ìdípẹtà pàdé nínú àgò, ètè yẹn ló máa ká tàbí kó sán, kò sí bó ṣe fẹ́ bá irin jà. Àwọn tó ń sọ pé ó fọ́ lọ́wọ́ àwọn ò parọ́, àmọ́ àgò dídọ̀tí ni wọ́n fi túùlù tì, wọ́n wá dá túùlù lẹ́bi.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mọ́tò kan wọlé, evaporator ẹ̀, ìyẹn apá AC tó ń mú atẹ́gùn inú mọ́tò tutù, ló ń jò, a ní láti yọ ọ́. Páìpù tó sanra, 3/4, ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì pátápátá ló wà, lára ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi táwọn èèyàn ń jókòó sí. A ti fa gáàsì jáde tán, géèjì tó ń wọn agbára gáàsì ti wà ní òdo. Mo pa túùlù oníke dé mọ́ ọn, mo tì í, kò wọlé tán. Mo tún tì í, mo gbọ́ "kẹ́kẹ́", inú mi dùn, mo rò pé sípíríngì ló dáhùn, bẹ́ẹ̀ túùlù ló sán. Nígbà tí mo fà á jáde, ètè ẹ̀ ti ya bí ìwé tó gbó, èérún ike kan wá kù sínú àgò lọ́hùn-ún.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti gbé screwdriver dání.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi gbé sípíríngì yẹn díẹ̀."

"Rárá o, gbé e sílẹ̀. Mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré yẹn wá fún mi."

Ó mú un wá. A tan tọ́ọ̀ṣì sí i, a fi dígí wo ẹ̀yìn ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ohun tá a rí. Àgò yẹn ti kún dẹ́nu, iyanrìn àti ọ́ìlì ti pò pọ̀ títí wọ́n fi le bíi sìmẹ́ǹtì, sípíríngì ọ̀hún ò tiẹ̀ hàn mọ́, ibi kan péré ni orí ẹ̀ ti yọ síta, ìpẹtà pupa sì wà lára ẹ̀. Ibo ni túùlù fẹ́ gbà wọlé? Kò sáyè fún un, àyè tó yẹ kí ètè ike gbà ni iyanrìn jókòó sí.

Mo mú wáyà tín-ín-rín kan, mo tẹ orí ẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, mo fi ń ha á díẹ̀díẹ̀ yíká, kò gbọ́dọ̀ kan ara páìpù, inú àgò nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbọ̀n ọ́n, mo fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, awò wà lójú mi o torí ojú ló máa ń fẹ́ padà sí. Mo wá fọ́n ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí i, èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n ń fọ́n bíi lọ́fínńdà, mo fi í sílẹ̀, mo lọ ṣe nǹkan míì fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo padà dé mo tún fẹ́ ẹ, omi dúdú ń dà jáde lẹ́nu ẹ̀, èérún ike tó sán yẹn bá a jáde. Ìgbà yẹn ni mo wá mú ti onírin.

Ti onírin yìí, ó ní apá méjì bíi síṣọ́ọ̀sì, ẹnu ẹ̀ ló tẹ̀ bí òṣùpá méjì tó kọjú síra, tẹ́ ẹ bá fún ọwọ́ ẹ̀ pọ̀ òṣùpá méjèèjì á pàdé lára páìpù wọ́n á di òrùka. Ọwọ́ ẹ̀ gùn, orí ẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó lè dé ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ìka mi méjì péré lè dé. Kò lè sán. Ètè ẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ike lọ, síbẹ̀ ó le, torí náà á wọ ibi tí ike ò ti ráyè.

Ohun tí mo wá ṣe, tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí, ni pé mi ò fà á. Mo kọ́kọ́ ti páìpù méjèèjì sínú ara wọn sí i ni, bí ẹni fẹ́ tún wọn dè. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ibí yìí. Tẹ́ ẹ bá ń fa páìpù nígbà tẹ́ ẹ ń ti túùlù wọlé, ẹnu tó fẹ̀ yẹn ló ń rọ́ lu sípíríngì, ó ń fún un mọ́lẹ̀, túùlù ò sì ní lè gbé e. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti páìpù wọ inú sí i, sípíríngì á bọ́ lọ́wọ́ ìnira, á tú ara sílẹ̀, túùlù á wá rọra wọ abẹ́ ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi di páìpù mú, ó tì í, mo ti túùlù wọlé títí ó fi kan ìsàlẹ̀ àgò, mo ní kó rọra máa yí páìpù díẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀ sósì, kó wá fà á. Ó jáde wẹ́rẹ́. Gbogbo wàhálà tá a ti ń ṣe láti àárọ̀, ó jáde bí ẹni fa ìdérí ike kúrò lórí ìgò.

Ṣé mo wá ń sọ pé ti onírin dáa ju ti oníke lọ ni? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu irin yẹn lè ha páìpù tọ́wọ́ ẹni bá yẹ̀, mo ti rí àmì ẹ̀ lára páìpù tí ẹlòmíì ti tú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìlà mẹ́ta gbọọrọ tó gba ẹ̀yìn ẹnu tó fẹ̀ yẹn kọjá. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí i ní wíwọ́, apá kan sípíríngì nìkan ló máa gbé, apá kejì á ṣì di ẹnu páìpù mú, ẹ̀yin á máa fà á, ẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Ìsopọ̀ àárín ẹ̀ náà máa ń dẹ̀ tó bá pẹ́, òṣùpá méjèèjì ò ní pàdé dáadáa mọ́. Mo ti fi pílàyà tún tèmi fún pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fún mi o, oníke ni mo kọ́kọ́ ń gbìyànjú níbi tọ́wọ́ bá dé, tí mo bá ti fọ inú àgò tán, onírin ni mo ń mú tí ibẹ̀ bá há tàbí tí sípíríngì bá ti dípẹtà. Tó bá jẹ́ ìkan péré lẹ fẹ́ rà, tó sì jẹ́ mọ́tò tó ti gbó lẹ máa ń tún ṣe, ẹ ra onírin. Tó bá jẹ́ mọ́tò yín kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi tú lẹ́ẹ̀kan, oníke ti tó, ẹ sáà ti rí i pé ẹ fọ inú àgò.

Nǹkan kékeré kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: lára mọ́tò míì wọ́n máa ń fi ike kékeré kan há jọ́ìǹtì yẹn lórí kó má bàa ṣí fúnra ẹ̀. Ẹ yọ ìyẹn kúrò kẹ́ ẹ tó ki túùlù bọ̀ ọ́. Ó máa ń dọ̀tí débi pé á jọ ara páìpù, mo ti rí ẹni tó fi wákàtí kan bá a jà láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo jọ́ìǹtì AC ló ní sípíríngì o, kí ẹnikẹ́ni má lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì yìí tán kó wá rí i pé nọ́ọ̀tì ló wà lára mọ́tò tòun. Èyí tó ní nọ́ọ̀tì, túùlù tá a nílò ni sípánà méjì, ìkan di apá kan mú kó má mì, ìkejì ń tú. Ẹ má fi sípánà kan ṣoṣo tú u láé, torí tí nọ́ọ̀tì bá ti di mọ́ra, páìpù ló máa bá a yí, àlúmíníọ́mù á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, ẹ ti ra páìpù tuntun nìyẹn. Mo lo sípánà tí wọ́n ń pè ní line wrench fún un, ó rí bí sípánà olórùka tí wọ́n gé ẹnu ẹ̀ díẹ̀ kó lè gba ara páìpù wọlé, ó máa ń di igun nọ́ọ̀tì tó pọ̀ mú ju sípánà ẹlẹ́nu méjì lásán lọ, kì í jẹ́ kí igun nọ́ọ̀tì jẹ. Mo fún un ní máàkì tó ga jù nínú gbogbo túùlù tí mo ń sọ yìí, torí látìgbà tí mo ti ní i mi ò tíì ba igun nọ́ọ̀tì kankan jẹ́. Àlébù ẹ̀ ni pé ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ kì í ní èyí tó tóbi tó fún nọ́ọ̀tì páìpù tó sanra, ẹ ó ní láti wá ìyẹn lọ́tọ̀.

Ohun tó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì yẹn le tó bẹ́ẹ̀ ni pé irin àti àlúmíníọ́mù ló fara kanra, tí omi oníyọ̀ tàbí omi òjò bá wọ àárín wọn, àlúmíníọ́mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, á yọ ìyẹ̀fun funfun kan tó máa gba gbogbo àyè tó wà láàárín okùn nọ́ọ̀tì. Ìyẹ̀fun yẹn ló di í mú. Ẹ fọ́n ọ́ìlì sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tó bá ṣeé ṣe, lọ́jọ́ kejì ẹ kọ́kọ́ dè é díẹ̀ sí i, díẹ̀ báyìí ni o, kí ìyẹ̀fun yẹn fọ́, kẹ́ ẹ tó wá tú u. Tó bá tú díẹ̀ tó tún dúró, ẹ dá a padà, ẹ fọ́n ọ́ìlì, ẹ tún tú u. Lọ bọ̀, lọ bọ̀. Ó ń gba sùúrù lóòótọ́, àmọ́ wákàtí kan sùúrù ò tó ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ máa fi dúró de páìpù tuntun.

Èyí tó ní bóòtù kan ṣoṣo láàárín tó fún páìpù méjì pọ̀ mọ́ ara evaporator tàbí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, sípánà 10 ló máa ń gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá ti yọ bóòtù tán tí kò jáde, ẹ má ki screwdriver bọ àárín ẹ̀ o, ojú tí rọ́bà jókòó sí lẹ máa dọ́gbẹ́ sí. Ẹ di í mú kẹ́ ẹ máa mì í sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, rọ́bà tó ti lẹ̀ mọ́ ara ló ń dì í mú, á jọ̀wọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n fi iná yọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín lórúkọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ má ṣe é. R-134a, ìyẹn gáàsì tó wà nínú AC ọ̀pọ̀ mọ́tò, tó bá kan iná á di èéfín olóró, ásíìdì tó lè jẹ ẹ̀dọ̀fóró wà nínú ẹ̀. R-1234yf tó wà nínú mọ́tò tuntun, èyí tí wọ́n fi ń rọ́pò R-134a torí pé láti ọdún 2017 òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò gbà kí wọ́n fi R-134a sínú mọ́tò kékeré tuntun mọ́ nítorí ó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ jù, òun fúnra ẹ̀ tiẹ̀ lè gbaná. Géèjì lè wà ní òdo kí ìwọ̀nba gáàsì ṣì wà nínú ọ́ìlì tó kù sínú páìpù. Yàtọ̀ síyẹn, iná á sun rọ́bà, á sì sọ àlúmíníọ́mù di ẹlẹgẹ́.

Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, ju ọ̀rọ̀ túùlù lọ. Kò sí túùlù kankan nínú àwọn tí mo dárúkọ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé sára páìpù AC nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú ẹ̀. R-134a máa ń hó ní ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo lórí Celsius, ìyẹn ni pé tó bá tú jáde sí yín lọ́wọ́ á dì yín lára bíi yìnyín, á bó awọ, tó bá kan ẹyinjú ó lè fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì fà á jáde, kì í ṣe kẹ́ ẹ tẹ fáálù kó máa fẹ́ dànù, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òfin ò tiẹ̀ gbà á. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, dandan ni. Kódà lẹ́yìn tí géèjì bá ti sọ òdo, èmi máa ń fi àkísà bo jọ́ìǹtì yẹn kí n tó fà á, torí ọ́ìlì tó kù nínú ẹ̀ máa ń tu jáde.

Gbàrà tí páìpù bá ti já, ẹ dí ẹnu méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ọ́ìlì PAG tó wà nínú AC máa ń fa omi inú atẹ́gùn mọ́ra kíákíá, omi ò sì yẹ kó wọ inú AC rárá. Ṣẹ́ẹ̀tì onírin tí mo rà bá ìdérí rọ́bà mélòó kan wá, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an, oníke ò bá nǹkan kan wá, ọ̀rá mímọ́ àti rọ́bà ni mo fi ń dí i.

Lórí mọ́tò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ò tán pẹ̀lú pé páìpù jáde o. Sípíríngì yẹn ti jẹ níbì kan, ó fẹ́ já, ká ní mo dá a padà bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan ni pírẹ́ṣọ̀ máa tì í ya. Wáyà tí mo tẹ yẹn náà ni mo fi kọ́ ọ jáde, mo fi tuntun sí i, ó máa ń wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Rọ́bà àtijọ́, ẹ jù ú nù, kódà tó bá ṣì ń dán, torí ó ti tẹ̀ pẹlẹbẹ sí ìrísí ibi tó jókòó sí látọjọ́ yìí. Mo fi àkísà tí kì í yọ òwú nu ọ́ìlì ìpẹtà kúrò pátápátá kó má lọ wọ inú, mo fi ọ́ìlì tó mọ́ pa rọ́bà tuntun lára, mo ti páìpù wọlé pẹ̀lú yíyí díẹ̀, ó dún "kọ́". Ìró tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ má gba etí gbọ́ nìkan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá sípíríngì bo ẹ̀yìn ẹnu tó fẹ̀ yẹn yíká, kẹ́ ẹ wá fà á kẹ́ ẹ rí i pé kò jáde. Lẹ́yìn náà a fi pọ́ǹpù fákúùmù fa inú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo gbà pé ó kéré jù, a pa á, a ń wo géèjì bóyá abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa gbéra. Kò gbéra. A fi gáàsì sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára bébà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Mo ní kí kọ́sítọ́mà gbé e padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbé e wá, mo tan iná UV sí jọ́ìǹtì ọ̀hún torí a ti fi àwọ̀ tó ń tàn sínú gáàsì yẹn, kò sí àmì kankan níbẹ̀, ó gbẹ táútáú.

Ẹ̀dùn ọkàn tó kù fún mi nípa ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì ni pé mi ò rí wọn rà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan níbi tí mo ti ń rà wọ́n. 3/4 àti 5/8 ni mò ń lò jù, àwọn náà ló sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́, 3/8 tèmi ṣì ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á, bẹ́ẹ̀ tí 3/4 bá sán, odindi ṣẹ́ẹ̀tì ni mo tún gbọ́dọ̀ rà. Mo ti ní 3/8 mẹ́ta nínú àpótí báyìí tí ò níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe túùlù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ta 3/4 lọ́tọ̀ fún wa, kẹ́ ẹ sì fi irin tín-ín-rín sí ètè oníke yẹn, kó tó ìlàjì mílímítà péré, a máa rà á.